Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ bá aago díje nínú máratọ́ọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tara yín

Bí ẹ bá jí ní kùtùkùtù ní Ìkìrun, tẹ́ ẹ gba ojú títì tó lọ sí Inísà àti Òkukù, kò ṣòro kẹ́ ẹ rí ẹni tó ń sáré, tí òógùn ti bò ó kí oòrùn tó yọ. Àwọn kan ń sáré kí ikùn wọn lè fà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé máratọ́ọ̀nù ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, wọn ò sì kàn fẹ́ẹ́ sá a parí lásán. Wọ́n ti mú iye wákàtí tí wọ́n fẹ́ẹ́ fi sá a. Àwọn yìí gan-an ni mo fẹ́ẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, torí pé ẹni tó ń lé aago kì í tètè gbọ́ nígbà tí ara bá ń sọ pé ó tó.

Kí ni wọ́n ń lé gan-an?

Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni máratọ́ọ̀nù. Ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1908 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá iye yẹn, ọdún 1921 ni wọ́n wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún gbogbo ayé. Nílé wa níbí, ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, ọdún 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Lagos City Marathon. Láti pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti gbéra lọ́dún náà, wọ́n gba orí afárá Third Mainland, wọ́n sì parí ẹ̀ sí Eko Atlantic.

Ti Boston, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń sá láti ọdún 1897, kò rí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn tó ń kówó jọ fún ẹgbẹ́ aláàánú, ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti sá máratọ́ọ̀nù mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí, láàárín àkókò tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀. Fún ti ọdún 2026, ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 18 sí 34 gbọ́dọ̀ ti fi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 55 sá a. Wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 25 ni ti obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀. Obìnrin tó ti pé ọdún 45 sí 49 ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 45. Síbẹ̀, èrò pọ̀ ju àyè lọ, àfi ẹni tó yá ju àkókò yẹn lọ ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 34 ló rí àyè wọlé. Ẹ ò rí i pé ìṣẹ́jú kan péré lè sọ èèyàn di ẹni tó ń fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ta tẹ́tẹ́!

Ẹ yẹ ara yín wò ná

Kẹ́ ẹ tó ra bàtà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, pàápàá bẹ́ ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tí ẹnì kan bá ti ṣubú lulẹ̀ kú lójijì rí nínú ẹbí yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òyì ń kọ́ yín tẹ́ ẹ bá ń sáré, ẹ dúró, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín pẹ̀lú. Ẹni tó jẹ́ AS lè sá máratọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ ló sì ti sá a. Ṣùgbọ́n bó bá sáré àsápajúdé nínú oòrùn láìmu omi, láìsinmi, ẹran ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ìyẹn sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ dán an wò láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń múra sílẹ̀

Ẹni tó ti ń sáré díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ nílò oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹni tí kò sáré rí, kó fún ara ẹ̀ ní ọdún kan. Ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ ti tó. Mẹ́ta nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ eré jẹ́jẹ́, èyí tẹ́ ẹ fi lè máa bá ẹnì kejì yín tàkúrọ̀sọ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi sáré kíkan. Ọ̀kan nínú ti jẹ́jẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ máa fi gùn sí i, títí yóò fi tó nǹkan bíi kìlómítà 30. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó láti Ìkìrun dé Inísà tàbí Òkukù, ẹ gun ọ̀kadà tí mítà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ kà á.

Ẹgbẹ́ òsì ojú títì ni kẹ́ ẹ máa gbà, kẹ́ ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá pàdé yín, torí pé àwọn tírélà tó ń ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà kì í dẹ́rù. Ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má dá nìkan sáré nínú òkùnkùn. Bí ibà bá mú yín, ẹ jókòó sílé, kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ lo oògùn yín tán. Ẹni tó ń sáré pẹ̀lú ibà ń wá wàhálà fún ọkàn rẹ̀.

Oúnjẹ, omi àti oògùn

Iyán, iṣu sísè, ìrẹsì àti ẹ̀kọ ló ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ló ń tún ẹran ara ṣe. Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ kì í sábà kọjá nǹkan bíi kìlómítà 30, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń wúwo bí òkúta níbẹ̀. Ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí kẹ́ ẹ mu omi tí wọ́n po ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí lójú ọ̀nà.

Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín, ẹ má rọ ọ́ sínú bí ẹni rọ omi sínú àmù. Àpọ̀jù omi lásán lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù, ìyẹn náà sì ń pààyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ibuprofen tàbí diclofenac kẹ́ ẹ tó sáré. Bí omi ara bá ti dín kù, àwọn oògùn yìí lè pa kíndìnrín lára. Tramadol àti paraga kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá.

Lọ́jọ́ eré

Ká ní wákàtí 4 lẹ fẹ́ẹ́ fi sá a. Ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 41 ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ dé kìlómítà 10 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 57, ìdajì ọ̀nà ní wákàtí 2, kìlómítà 30 ní nǹkan bíi wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 51. Bí ara bá ń yá yín gágá níbẹ̀rẹ̀, ẹ kó ara yín níjàánu. Àwọn àgbà ti sọ pé asúrétete kò róyè jẹ, arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò mú oyè délé.

Ẹ rántí pé ooru Èkó nínú oṣù Kejì kì í ṣe kékeré. Bí oòrùn bá mú, ẹ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún àkókò yín. Bẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò jọra wọn mọ́, ooru ti wọ ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ máa da omi tútù sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ sì ké sí àwọn elétò ìlera kíá. Ẹ má fi omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ohun tó ń ṣe.

Bí aago bá wá já yín kulẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó tán. Wọn yóò tún sá máratọ́ọ̀nù lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ yín nílé kò bi yín pé wákàtí mélòó lẹ fẹ́ẹ́ fi sá a. Kẹ́ ẹ ṣáà ti fẹsẹ̀ ara yín rìn wọlé ni wọ́n ń wá.