Gáàsì Tuntun Nínú Éésì Ọkọ̀ Àtijọ́: Ohun Tó Yẹ Ká Bèèrè Ká Tó Sanwó

Àwọn kan nínú wa ṣì ń lo Peugeot 504 tàbí Mercedes tí wọ́n ṣe ṣáájú 1992. Bí éésì rẹ̀ kò bá tutù mọ́, ohun tí rewáyà máa ń sọ ni pé, "Màmá, gáàsì ló tán, ẹ jẹ́ ká rọ òmíràn sí i." Ọ̀rọ̀ ò pin síbẹ̀ o.

Gáàsì R-12 ni éésì ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn ń lò. Gáàsì yìí máa ń ba ìbòrí ojú ọ̀run tó ń dín oró oòrùn kù jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe àdéhùn ní Montreal, nílẹ̀ Kánádà, ní 1987. Àwọn ilẹ̀ olówó dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní ìparí 1995, àwọn ilẹ̀ bíi tiwa ní ìparí 2009. R-134a ló rọ́pò rẹ̀ nínú mọ́tò.

Àmọ́ gáàsì méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ́ìlì wà nínú kọ́ńpúrẹ́sọ̀. R-12 máa ń gbé ọ́ìlì tirẹ̀ káàkiri, á sì gbé e padà. R-134a kì í pò mọ́ ọ́ìlì àtijọ́ yẹn. Bí wọ́n bá kàn rọ ọ́ lé e lórí, ọ́ìlì á dúró sínú páìpù, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á máa yí lásán, kò sì ní pẹ́ tó fi máa nọ́ọ̀kì. Owó gáàsì á wá di owó kọ́ńpúrẹ́sọ̀.

Iṣẹ́ tó péye nìyí:

1. Kí wọ́n fa gáàsì àtijọ́ tó kù sínú sìlíńdà, kí wọ́n má tú u sáfẹ́fẹ́.
2. Kí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù, kí wọ́n fi ọ́ìlì ester sí i.
3. Kí wọ́n pààrọ̀ dráyà àti àwọn rọ́bà oríkèé páìpù, kí wọ́n sì wò ó bóyá họ́ọ̀sì ń jò.
4. Kí wọ́n pààrọ̀ ẹnu tí gáàsì ń gbà wọlé sí ti R-134a, kí wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíràn má baà po gáàsì méjì pọ̀ lọ́la.
5. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti omi jáde, ó kéré tán fún 30 ìṣẹ́jú.
6. Kí gáàsì tuntun má pọ̀ tó ti àtijọ́. Bí R-12 bá gba kílò 1, gírámù 800 sí 900 ti tó.

Bí a ò bá mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ wa, ká wo ẹnu ibẹ̀. Ti R-12 kéré, ó sì ní ojú ìdè bíi ti nọ́ọ̀tì. Ti R-134a tóbi jù ú lọ, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń yí dè.

Éésì náà lè má tutù tó ti tẹ́lẹ̀ nínú họ́ọ̀dùpù. Ká jẹ́ kí wọ́n fọ kọ̀ńdẹ́ńsà, kí wọ́n sì wò ó bóyá fáànù ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹni tó bá ní òun á fi gáàsì ìdáná rọ́pò nítorí ó pọ́ọ́kú, ẹ má gbà fún un. Bó bá jò, iná lè sọ nínú ọkọ̀ tó gbé èèyàn àti ọjà.

A kì í ra agbọ̀n tòmátì láìtú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí rewáyà kọ ohun tó fẹ́ pààrọ̀ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.