Kí ẹ tó fi ojú owó ọjà sanwó MBA

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa ń dé ibì kan nídìí òwò wọn tó jẹ́ pé ọjà ń tà, oníbàárà ń wọlé, ṣùgbọ́n bí oṣù bá parí, wọn kì í rí owó náà mọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan ti di méjì, ọmọọṣẹ́ kan ti di mẹ́rin, gbèsè àwọn oníbàárà wà nínú ìwé tí ẹlòmíì ò lè kà, ọ̀gá nìkan ló sì mọ iye tí wọ́n ra ọjà àti iye tó yẹ kí wọ́n tà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ máa ń gbà nímọ̀ràn pé, “Lọ ṣe MBA.”

Ìmọ̀ràn yẹn kò burú. Ibi tí wàhálà wà ni pé inú owó ọjà lọ̀pọ̀ ti máa ń mú owó iléèwé, tí wọ́n á sì gba ìwé ẹ̀rí tán kí wọ́n tó rí i pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lọ síléèwé ti kógbá sílé. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ ṣàlàyé lónìí ohun tí MBA jẹ́, ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹni tó wúlò fún, iye tó máa ná oníṣòwò gan-an, àti bí ẹ ṣe lè dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ti oníjìbìtì.

KÍ LÓ Ń JẸ́ MBA?

MBA ni oyè kejì ní yunifásítì, ìyẹn másítà, nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò. Ẹni tó bá ti gboyè àkọ́kọ́ ló wà fún, yálà ìmọ̀ ẹ̀rọ lonítọ̀hún kà ni o, ìtàn ni o, tàbí ìmọ̀ ọ̀gbìn. Yunifásítì Harvard nílẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, lọ́dún 1908. Lọ́dọ̀ wa níbí, Yunifásítì Èkó ní Akọka, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn tó ń kọ́ni. Lagos Business School, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1991, tó sì wà lábẹ́ Pan-Atlantic University báyìí, náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n tiwọn kì í ṣe èyí tówó rẹ̀ kéré.

Àwọn tí kò lè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń wo ọ̀nà NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ pé ilé lèèyàn ti ń kàwé, tí wọ́n á sì lọ ṣèdánwò ní ibùdó tó bá wà nítòsí wọn. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ìjọba ológun tì í pa lọ́dún 1984, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló sì tún gbé e dìde lọ́dún 2001. Òun náà ní ẹ̀kọ́ MBA.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi gbogbo ọjọ́ ṣe, tí kò ní lè ṣe nǹkan mìíràn. Èkejì ni ti àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sábà máa ń jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ máa ń gba nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì.

OHUN TÍ WỌ́N Ń KỌ́ NÍBẸ̀

Bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ náà, ó lè rò pé báńkì àti iléeṣẹ́ epo nìkan ló wà fún. Ìṣirò owó, bí a ṣe ń wá owó òwò àti bí a ṣe ń ná an, ìpolówó ọjà, bí a ṣe ń gba òṣìṣẹ́ tá a sì ń dá wọn dúró, òfin okòwò, ètò ọrọ̀ ajé, àti bí a ṣe ń gbèrò ọdún márùn-ún síwájú, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n tún máa ń gbé ìtàn iléeṣẹ́ kan tó kó sí wàhálà síwájú kíláàsì, kí oníkálukú wá sọ ohun tí òun ì bá ṣe ká ní òun ni ọ̀gá. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n parí, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ọjà. Ká ní ẹ ń ta sìmẹ́ńtì. Ẹ ń ra àpò kan ní ₦9,000, ẹ sì ń jèrè ₦300 lórí rẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀bù lóṣù jẹ́ ₦50,000, owó oṣù ọmọọṣẹ́ méjì jẹ́ ₦60,000, iná àti epo jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦40,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Ẹ fi ₦300 pín in, ẹ ó rí i pé ẹ gbọ́dọ̀ ta 500 àpò lóṣù kan kí ẹ tó jèrè kọ́bọ̀. Ẹni tó ta 450 àpò lè máa dúpẹ́ pé ọjà yá, bẹ́ẹ̀, àdánù ló ṣe.

Ẹ tún wo ti àwìn. Agbaṣẹ́ṣe kan kó 100 àpò lọ láwìn, ó ní òun á san èrè ₦500 lórí àpò kan dípò ₦300. Ẹ̀yin náà rò pé èrè ti pọ̀ sí i. Oṣù mẹ́ta ló tó sanwó, ó sì san án pé, èrè yín sì jẹ́ ₦50,000. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lowó yín máa ń yí lóṣù, owó 100 àpò yẹn ì bá ti yí lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín oṣù mẹ́ta, ì bá sì ti mú ₦30,000 wá nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦180,000. Agbaṣẹ́ṣe náà kò rẹ́ yín jẹ, kò sì jẹ yín ní gbèsè kankan mọ́, síbẹ̀ ₦130,000 ti lọ. Irú ìṣirò báyìí ni wọ́n ń kọ́ni ní MBA, tó bá sì ti wọ èèyàn lára, kò ní fojú àtẹ̀yìnwá wo ọjà àwìn mọ́.

TA LÓ YẸ KÓ LỌ?

Ẹni tí òwò rẹ̀ ti kọjá ohun tí orí ẹnì kan lè gbé ni ẹ̀kọ́ náà máa ń wúlò fún jù. Bí ẹ bá ń ronú láti ṣí ẹ̀ka míì, láti lọ bá báńkì fún owó ńlá, láti gba alábàáṣiṣẹ́ pọ̀, tàbí láti fa òwò lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, ẹ ó rí ohun tí ẹ máa mú bọ̀. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: inú kíláàsì náà lẹ ti máa pàdé òṣìṣẹ́ báńkì, amòfin, oníléeṣẹ́ àti àwọn oníṣòwò bíi tiyín, àwọn tí ẹ lè pè lórí fóònù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òwò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ pé ojú owó ni kò tíì tó, MBA kọ́ ló máa wò ó sàn. Ẹni tí ebi ń pa kò lọ ra àwo tuntun.

Ní ti ohun tí wọ́n máa béèrè, ẹ ó nílò oyè àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà lára ohun tí ẹ yege níbẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé pé wọ́n yọ̀ǹda yín. Àwọn iléèwé kan máa ń ṣe ìdánwò àbáwọlé, wọ́n sì máa ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò. Àwọn tó ní HND gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa, nítorí pé iléèwé kan lè gbà wọ́n tààrà bí èsì wọn bá dára, kí iléèwé míì ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí PGD.

IYE TÓ MÁA NÁ YÍN GAN-AN

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Owó tí wọ́n kọ sórí ìwé iléèwé nìkan ni wọ́n ń wò. Wọn ò ka owó fọ́ọ̀mù, owó ìgbaniwọlé, ìwé, owó ọkọ̀, ilé tí wọ́n máa sùn bí iléèwé bá jìnnà, àti owó iṣẹ́ ìwádìí.

Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,500,000, tí ẹ sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà látinú owó tí ẹ fi ń ra sìmẹ́ńtì. Owó yẹn ì bá ra nǹkan bí 166 àpò. Ní ₦300 lórí àpò, pẹ̀lú yíyí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ó ń mú nǹkan bí ₦100,000 wá lóṣooṣù. Láàárín oṣù 18, ₦1,800,000 ló sọnù yẹn. Ẹ wá rí i pé ẹ̀kọ́ tí ẹ pè ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ti di ₦3,300,000, èyí tí kò sì hàn nínú ìwé iléèwé kankan.

Nítorí náà, inú èrè ni kí ẹ ti mú owó iléèwé, ẹ má ṣe fọwọ́ kan ojú owó. Ẹ lè fi ọdún kan gbáko dá àjọ fún un kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n gbà kí èèyàn san án díẹ̀díẹ̀. Bí èrè òwò kò bá lè gbé e láàárín ọdún kan sí méjì, ìyẹn gan-an ti sọ fún yín pé àsìkò kò tíì tó.

Ẹ má sì gbàgbé ìyanṣẹ́lódì. Lọ́dún 2020, láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá làwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi yanṣẹ́ lódì. Lọ́dún 2022, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó sì parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ bóyá kíláàsì tiwọn dúró lásìkò náà, kí ẹ sì fi oṣù mélòó kan kún ìṣirò yín.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÀWỌN ONÍJÌBÌTÌ

Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé ìròyìn jáde pé òun gba ìwé ẹ̀rí oyè yunifásítì ní orílẹ̀-èdè Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà kéde pé àwọn ti dá àyẹ̀wò àti ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró. Àwọn ojúlówó iléèwé wà nílẹ̀ Benin o, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn kọ́ wa pé ẹni tó bá ra ìwé ẹ̀rí lè jí lọ́jọ́ kan kó rí i pé bébà lásán ló wà lọ́wọ́ òun. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ lè gba MBA láàárín oṣù méjì láìjókòó ṣèdánwò, ẹ yáa sá.

Àjọ NUC ló ń mójú tó àwọn yunifásítì nílẹ̀ wa. Wọ́n máa ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí jáde, wọ́n sì máa ń gbé orúkọ àwọn tí kò bófin mu jáde pẹ̀lú. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa wò. Àkọ́kọ́, ṣé yunifásítì náà wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí? Èkejì, ṣé ẹ̀kọ́ MBA rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìfọwọ́sí? Yunifásítì lè jẹ́ ojúlówó kí ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ má tíì ní in. Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ láti ilé ni, ṣé wọ́n gba àṣẹ fún ìyẹn? Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu alágbàtà gbọ́. Inú àpò yunifásítì ní báńkì ni kí owó yín lọ, kì í ṣe àpò ẹnì kan.

TA NI YÓÒ DÚRÓ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ?

Bí ẹ bá wọlé, ọjọ́ Sátidé tí ọjà ń yá jù lè jẹ́ ọjọ́ kíláàsì yín. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi oṣù mẹ́ta dán ṣọ́ọ̀bù wò láìsí níbẹ̀ ní Sátidé. Ẹ ní ìwé kan tí wọ́n á máa kọ ọjà tó wọlé, èyí tó jáde, owó ọwọ́ àti owó tó gba POS wọlé sí. Ẹ máa ka ọjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ya owó ilé sọ́tọ̀ kúrò lára owó òwò, kí ẹ sì máa san owó oṣù fún ara yín bíi ti ọmọọṣẹ́. Bí ṣọ́ọ̀bù bá dúró láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ lè lọ. Bí kò bá dúró, ẹ ti mọ ibi tó ń jò.

Nígbà tí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ ìwádìí, ẹ bẹ olùkọ́ yín kó jẹ́ kí ẹ fi òwò tiyín ṣe é. Àwọn kan ń kọ̀wé lórí iléeṣẹ́ tí wọn kò dé rí, nígbà tí àwọn ìwé gbèsè ṣọ́ọ̀bù tiwọn wà nílé tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

ÀWỌN TÍ KÒ NÍ OYÈ ÀKỌ́KỌ́ Ń KỌ́?

Ọ̀nà kò dí. Enterprise Development Centre, tó wà lábẹ́ Pan-Atlantic University, ń ṣe ẹ̀kọ́ kúkúrú fún àwọn oníṣòwò kéékèèké. Nígbà tí iléeṣẹ́ Goldman Sachs bẹ̀rẹ̀ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá obìnrin oníṣòwò káàkiri àgbáyé lọ́dún 2008, ibùdó yìí wà lára àwọn tó kọ́ wọn ní Nàìjíríà. SMEDAN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 fún òwò kéékèèké, náà máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé owó, bí a ṣe ń ṣírò èrè àti bí a ṣe ń ṣọ́ àwìn ti mú apá kan lára ohun tí MBA fẹ́ kọ́ ọ, tí ojú owó rẹ̀ sì wà níbi tó wà.

Ẹ gbé bébà àti bírò nírọ̀lẹ́ òní. Ẹ kọ iye tí ẹ ń jẹ lórí ọjà kan, ẹ kọ gbogbo ìnáwó oṣù, kí ẹ sì fi èkíní pín èkejì. Ẹni tí kò bá mọ iye ọjà tó yẹ kó tà kó tó jèrè, kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn, kó tó lọ gba fọ́ọ̀mù. Yunifásítì kò ní sá lọ. Ṣọ́ọ̀bù ló lè lọ.