Kì í ṣe àjẹ́ ló ṣẹ́ itan màmá!

Màmá yọ̀ ní balùwẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìṣubú tí ọmọdé yóò dìde níbẹ̀ tí yóò máa sáré lọ, itan màmá ti ṣẹ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ará ilé ti ń wá ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àjẹ́ sílẹ̀ ná! Ó lè jẹ́ osteoporosis, àìsàn tó ń jẹ eegun nínú láìro, bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé.

Obìnrin ló ń bá jà jù, pàápàá tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, nítorí èròjà ara tó ń ṣọ́ eegun ti dín kù nìyẹn. Ẹni tó tín-ín-rín, ẹni tí itan ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ti ṣẹ́ rí, àwọn amusìgá àti ọ̀mùtí náà wà ńbẹ̀.

Èyí tó ń dunni jù ni prednisolone táwọn kan ń rà fúnra wọn nítorí oríkèé ríro, tàbí kí wọ́n lè sanra. Tó bá pẹ́ lára, ó ń ba eegun jẹ́. (Ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún ò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró o.)

Ká tiẹ̀ ní ẹni tó ń to eegun rí èyí tó ṣẹ́ tò, àwọn tó kù ńkọ́? Ẹni tó bá ti lé ní 50 ọdún, tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ nínú ìṣubú kékeré, tàbí tó ń kúrú sí i, kó lọ rí dókítà eegun ní ọsibítù ńlá, irú LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oògùn tó ń dáàbò bo eegun wà.