Ètò-Iṣẹ́ Òmìnira àti Àwọn Tó Ń Ta Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ láti inú Ọ̀ràn Ọdún 2007 ní Nàìjíríà

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni àṣà kí oníṣòwò kọ̀ǹpútà fi ètò-iṣẹ́ òmìnira sínú ẹ̀rọ tí ó ń tà, kí ó sì gbà láti máa bá oníbàárà tọ́jú rẹ̀. Ètò-iṣẹ́ ni a pe àkójọ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní software. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe 'ọ̀fẹ́' àti 'òmìnira'. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀. Òmìnira ni Richard Stallman ń wá nígbà tí ó kéde iṣẹ́ GNU ní ọdún 1983: kí ẹni tí ètò-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lò ó bí ó ti fẹ́, kí ó lè yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó lè tún un ṣe, kí ó sì lè pín in fún ẹlòmíràn. Èrò wa ni pé òmìnira yìí kò lè ṣe oníbàárà láǹfààní tó bí kò bá sí ẹni tí yóò dúró tì í.

2. Iṣẹ́ tí ọlọ́jà ń ṣe

Tẹ́lẹ̀ rí, IBM a máa ka púpọ̀ nínú ètò-iṣẹ́ àti ìtọ́jú mọ́ owó ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969 ni ó kéde pé òun yóò máa díyelé wọn lọ́tọ̀. Ìkéde yìí wà lára ohun tí ó sọ ètò-iṣẹ́ di ọjà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Dell sì bẹ̀rẹ̀ sí ta kọ̀ǹpútà tí Ubuntu wà nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, a kò san owó lórí Ubuntu. Ìrànlọ́wọ́ lórí rẹ̀ ni ẹni tí ó bá fẹ́ lè rà. Ọlọ́jà ní láti dán an wò bóyá ètò-iṣẹ́ bá ẹ̀rọ mu, kí ó tó fi í sínú rẹ̀, kí ó sì dá oníbàárà lóhùn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

3. Ọ̀ràn ọdún 2007

Ní ọdún náà, Mandriva, ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé, gba iṣẹ́ láti pèsè Linux fún kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 tí Intel ṣe, fún àwọn ilé-ìwé Nàìjíríà. Nígbà tí ó yá, Technology Support Center, ilé-iṣẹ́ tí ń kó ẹ̀rọ náà wọlé, ní òun yóò san owó Mandriva, ṣùgbọ́n Windows ni òun yóò fi rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft. Ìròyìn gbé e pé Microsoft ń bá ilé-iṣẹ́ náà dúnàá-dúrà lórí $400,000 fún ìpolówó ẹ̀rọ wọ̀nyí bí wọ́n bá ti di ti Windows. Ní oṣù kọkànlá, Universal Service Provision Fund, àjọ ìjọba tí ń san owó púpọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, sọ pé Mandriva ni àwọn ń fẹ́.

4. Ohun tí ó kọ́ wa

Àríyànjiyàn yìí kò dá lórí iye owó ètò-iṣẹ́, nítorí pé wọ́n ti gbà láti san ti Mandriva. Ta ni yóò pinnu ohun tí ọmọ ilé-ìwé yóò bá nínú ẹ̀rọ? Èyí ni kókó. Ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin, ní Òsì tàbí ní Ìlọ́fà, ohun tí ó bá nínú ẹ̀rọ ni yóò lò. Bí ẹ̀rọ bá sì dákú, ẹni tí ó lè jí i ló ṣe pàtàkì sí i.

Mandriva kógbá wọlé ní ọdún 2015. Síbẹ̀ ètò-iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú: àwọn kan ti gbé e lọ láti ọdún 2010, wọ́n sọ ọ́ ní Mageia. Bí ètò-iṣẹ́ bá jẹ́ àdáni, ẹni tí ó ni ín nìkan ló lè tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òmìnira, ẹlòmíràn lè gba iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn náà gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí ó sì mọ iṣẹ́.

5. Àgbálọgbábọ̀

Nítorí náà, kí ìwé àdéhùn tí ìjọba bá ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé máa dárúkọ ẹni tí yóò tọ́jú ètò-iṣẹ́ àti iye ọdún tí yóò fi ṣe é, kí ó sì pa á láṣẹ pé kí ọlọ́jà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbègbè ní iṣẹ́ náà. Agbójú-lógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó gba òmìnira tí kò kọ́ bí a ti ń lò ó.