Bọ́tìnì Kékeré Tí Mi Ò Tẹ̀ Ní Òkè-Òpin

Fọ́tò kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi tí mo ti ṣí ju ọgbọ̀n ìgbà lọ. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òkè-Òpin. Wọ́n wọ léèsì funfun, wọ́n wé gèlè. Ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn wọn mọ́lẹ̀ kedere. Léèsì hàn, àga hàn, kódà adìyẹ tó ń kọjá hàn. Ojú màmá nìkan ni kò hàn: ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn lọ́jọ́ Àjíǹde. Kí Kérésì tó dé, màmá ti lọ. Kò sí fọ́tò mìíràn tí wọ́n ti wọ léèsì yẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé bọ́tìnì tí ì bá gbà wá là wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi, mi ò sì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi tí mò ń ka físíìsì o! Èmi tí mo ti kọ ìdánwò lórí ìmọ́lẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti kámẹ́rà náà, tí mo wo gbogbo ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Kí ló wà lára rẹ̀?

Ẹ ti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tún ti ń wá àwọn kámẹ́rà pẹlẹbẹ ayé ìjọ́sí kiri: Canon PowerShot, Sony Cyber-shot, Nikon Coolpix. Bóyá ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ bàbá yín báyìí. Orúkọ wọn yàtọ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe to bọ́tìnì wọn jọra gan-an.

Bọ́tìnì tó tóbi jù lókè ni èyí tá a fi ń ya fọ́tò. Ìpele méjì ló ní, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, tẹ́ ẹ sì dúró, kámẹ́rà á wá ibi tí àwòrán ti máa mọ́, á sì wọn ìmọ́lẹ̀. Àpótí kékeré aláwọ̀ ewé á yọ lójú kámẹ́rà, ó lè dún "píì". Ìgbà yẹn lẹ tó máa tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà kò fún un láyè láti ronú. Ó lè wà lára ìdí tí fọ́tò kan fi máa ń rí ràìràì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ohun róbótó kan wà tó ń yí bí ọmọrí ìgò. AUTO túmọ̀ sí pé kámẹ́rà á dá gbogbo nǹkan ṣe. P túmọ̀ sí pé á ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ dá sí i. Ẹ rántí P yìí, a máa padà síbẹ̀.

W àti T ni ti súùmù. W ń fẹ ojú kámẹ́rà, T ń fa nǹkan mọ́ra. Bí léńsì bá ṣì ń rìn, súùmù gidi nìyẹn. Tó bá ti dúró, tí àwòrán ṣì ń tóbi sí i, kámẹ́rà kàn ń gé àárín àwòrán, ó ń fẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ lè fúnra yín ṣe ìyẹn nílé.

Lẹ́yìn ni bọ́tìnì onígun mẹ́rin wà. Àmì mànàmáná ni ti fíláàṣì. Àmì òdòdó wà fún nǹkan tó sún mọ́ wa gan-an, bíi kòkòrò tàbí òrùka. Àmì aago ń jẹ́ kí ayafọ́tò rí àyè sáré wọ inú fọ́tò. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí àmì ìròpọ̀ àti àyọkúrò: +/-. Òun gan-an ni bọ́tìnì tí mi ò tẹ̀.

Garawa nínú òjò

Lẹ́yìn léńsì ni sẹ́ńsọ̀ wà, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, kò ju nǹkan bíi mílímítà 6.2 sí 4.6 lọ. Èékánná ìka tó kéré jù lọ́wọ́ yín tóbi jù ú lọ. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà ńlá tó jẹ́ mílímítà 36 sí 24 fi nǹkan bí ìlọ́po 30 fẹ̀ jù ú.

Ẹ fojú inú wo àgbàlá kan tẹ́ ẹ to garawa sí nígbà òjò. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò, garawa kọ̀ọ̀kan sì ni píksẹ́lì kan. Kámẹ́rà mẹgapíksẹ́lì 12 ní garawa mílíọ̀nù 12. Àgbàlá kékeré ni sẹ́ńsọ̀ wa, nítorí náà garawa ibẹ̀ kéré bíi kọ́ọ̀bù. Ibi tí òjò ti ń rọ̀ gidi, kíá ló ń kún tó ń ṣàn dànù. Ibi tí òjò ò ti tó, ìkán díẹ̀ ló ń wọlé.

Ojú ọ̀run Òkè-Òpin lọ́jọ́ yẹn ni òjò ńlá. Ojú ìyá àgbà lábẹ́ òrùlé ni ìkán díẹ̀.

Mo gbìyànjú láti fi kọ̀ǹpútà tàn án. Kò ṣeé ṣe. Nínú fáìlì JPEG, oníkálukú àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù ní ìpele láti 0 dé 255: 0 ni òkùnkùn biribiri, 255 ni ìmọ́lẹ̀ tó kún. Ojú màmá wà nítòsí 10. Tí mo bá fà á sókè, ojú ò yọ; èérí ló ń yọ, bí iyanrìn tí wọ́n fọ́n sórí aṣọ. Ohun tí kò bọ́ sínú garawa, kò sẹ́ni tó lè bù ú jáde.

Kámẹ́rà ò mọ ojú màmá mi

Kí ló dé tí kámẹ́rà fi ṣe bẹ́ẹ̀? Kò mọ ohun tó ń wò ni. Ó ń wọn gbogbo ìmọ́lẹ̀ iwájú rẹ̀, ó sì gbà pé tá a bá pò gbogbo rẹ̀ pọ̀, á rí bí eérú, kò dúdú, kò funfun. Tí funfun bá pọ̀, bí ojú ọ̀run àti léèsì, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Tí dúdú bá pọ̀, á fi kún un. Gbogbo òde ìnáwó wa ni ìjàǹbá yìí ń dúró sí: aṣọ funfun, ojú dúdú, oòrùn lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ kí kámẹ́rà òde òní tó dé. Láti bí àwọn ọdún 1950, káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ìfọ-fọ́tò láti fi díwọ̀n àwọ̀ ní fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun. "Shirley" ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀ tirẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Tiwa ń tẹ̀lé e bó bá ṣe bọ́ sí. Nínú ilé iṣẹ́ Kodak yẹn kan náà ni Steven Sasson ti ṣe kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́ ní 1975. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 3.6, píksẹ́lì 10,000 péré ló ní, ó sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 kó tó kọ fọ́tò kan sórí kásẹ́ẹ̀tì.

Ojú kì í sì í ṣe ohun kékeré lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sì tó wà lágbègbè wa ni Areogun, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó kú ní 1954, ti ṣiṣẹ́. Ẹ wo ère rẹ̀, ẹyinjú wọn yọ síta gbangba. Ní Ìlà-Ọ̀ràngún, Stephen Sprague, ayafọ́tò ará Amẹ́ríkà, rí àwọn ayafọ́tò wa tí wọ́n ń ṣe fọ́tò ìbejì, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1978. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, wọ́n á tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àwọn méjèèjì lè wà níbẹ̀. Àwọn yẹn mọ irinṣẹ́ wọn dunjú.

Nítorí náà, kí lẹ máa ṣe?

Ẹ yí róbótó yẹn sí P. Ẹ tẹ +/-. Tí ẹ̀yìn ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà bá mọ́lẹ̀, ẹ gbé e sí +1. Ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì. +2 jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ojú ọ̀run lè funfun báláú, ẹ jẹ́ kó funfun. Ojú ọ̀run á ṣì wà lọ́la.

Tàbí kẹ́ ẹ tan fíláàṣì ní ọ̀sán gangan, bí àwọn èèyàn tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má jìnnà ju mítà méjì sí mẹ́ta lọ, torí tẹ́ ẹ bá lọ jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà péré ló máa dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Ẹni tó ń tan fíláàṣì láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bátìrì ló ń fi ṣòfò.

Èyí tó rọrùn jù: ẹ ní kí màmá yí àga wọn kí ojú wọn kọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà tí mo tún padà sílé, mo gbé kámẹ́rà náà lé àbúrò mi kan lọ́wọ́, ọmọ ọdún méjìlá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìlọrin, jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn kan náà. Ọmọ náà ya mẹ́ta: ọ̀kan ní 0, ọ̀kan ní +1, ọ̀kan pẹ̀lú fíláàṣì. A gbé e fún màmá. Wọ́n fojú fo àkọ́kọ́. Wọ́n dúró sórí ìkejì, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú.

"Háà," ni wọ́n wí, "mo mà jọ ìyá mi o."

Òótọ́ ni. Wọ́n jọ wọ́n gan-an. Mo da fọ́tò náà kọ sí ibi méjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí n tó sùn. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá délé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kẹ́ ẹ ya mẹ́ta.