Àtẹ X àti O: Bí A Ṣe Lè Ka Ìpín Àwọn Agbaṣẹ́ṣe Elépo

Bí epo rọ̀bì bá ti gbówó lórí, ọ̀pọ̀ olùdókòwò a máa sáré ra ìpín Schlumberger tàbí Halliburton, àwọn agbaṣẹ́ṣe elépo. Èrò wọn ni pé bí ọjà bá tà fún elépo, ẹni tó ń bá a gbẹ́ kànga náà yóò jẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa ń rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, nǹkan bíi dọ́là 55 ni àgbá epo Brent kan. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2018, ó ti lé ní 80. Láàárín àkókò kan náà, ìpín Schlumberger wálẹ̀ láti nǹkan bíi dọ́là 85 sí nǹkan bíi 60. Ìjábọ́ owó epo ọdún 2014 ti kọ́ àwọn elépo lọ́gbọ́n: wọ́n há owó mọ́wọ́, wọ́n sì ń yọ́wó agbaṣẹ́ṣe títí èrè rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìpín iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ ká máa wò, àtẹ tí wọ́n ń pè ní point and figure sì wúlò fún un gan-an.

Àtẹ náà kò ka ọjọ́, kò ka ọ̀sẹ̀. Bí owó ìpín bá ń gòkè, X ni wọ́n ń tò lọ sókè. Bó bá ń wálẹ̀, O ni wọ́n ń tò lọ sísàlẹ̀. Ká ní àpótí kan, ìyẹn àyè tí X tàbí O kan ń gbà, jẹ́ dọ́là kan, tí X sì ti dé 45. Bí owó náà bá rọ̀ sí 43, a ò ní kọ nǹkan kan. Àfi tó bá kan 42, ìyẹn àpótí mẹ́ta, ká tó bọ́ sí òpó tuntun, ká sì kọ O sí 44, 43 àti 42. Bí òpó X kan bá fi àpótí kan ga ju òpó X tó ṣáájú rẹ̀, àmì ríra nìyẹn. Bí O bá jìn ju ti ìṣáájú, àmì títà ni. Gbogbo ìròyìn ló ń mi owó epo lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n owó tí elépo yà sọ́tọ̀ fún kànga kì í tètè yí padà. Àtẹ yìí ń fọ ariwo yẹn dànù.

Àwọn kan á ní ó ti pẹ́ jù kó tó sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé kì í mú ṣóńṣó òkè. Síbẹ̀, ìpín Schlumberger tó tó nǹkan bíi dọ́là 118 láàárín 2014 ti bọ́ sábẹ́ 100 nínú oṣù kẹwàá, kí OPEC tó kọ̀ láti dín epo kù ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta 2020, Halliburton pàdánù ju ìdámẹ́ta iye rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí àtẹ tó lè gbani lọ́wọ́ irú ìyẹn. Àmọ́ O ti ń tò láti oṣù kìíní.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ìwọ̀n àpótí, torí ọwọ́ wa la fi ń yàn án. Ẹni tó bá lo dọ́là kan fún ìpín tó ń jẹ́ dọ́là 12 ní láti dúró kó pàdánù ìdámẹ́rin kó tó rí O kankan. Ìdí rèé tí àṣà àwọn tó ń ya àtẹ náà fi jẹ́ sẹ́ǹtì 50 fún ìpín tó wà láàárín dọ́là 5 sí 20, dọ́là kan láti 20 dé 100, àti dọ́là méjì láti ibẹ̀ dé 200.