Ẹ̀yìn Páálí Àwo Tí Fóònù Kì Í Fi Hàn Wá



Bí ẹ bá tẹ orin Fela lórí fóònù lónìí, àwòrán kan á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin náà. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Àwòrán kan náà ni wọ́n tẹ̀ sára páálí àwo nígbà kan, tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 31, tí òró rẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra àwo á gbé páálí lé itan, á máa wò ó bí orin ṣe ń lọ.

Ẹ wo àpẹẹrẹ Alagbon Close, tó jáde ní 1974. Ẹni tó ya páálí rẹ̀ ni Lemi Ghariokwu, ọmọ Èkó tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Akọ̀ròyìn kan ló rí àwòrán Bruce Lee tó yà, tí wọ́n gbé kọ́ sílé ọtí, ló bá ní kó ya Fela wò. Láti ibẹ̀ ló ti di ẹni tó ń ya páálí àwo fún Fela.

Alagbon ni ọgbà ọlọ́pàá ní Ìkòyí tí wọ́n ti Fela mọ́. Lórí páálí yìí, Fela ti já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó ń jó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wó, Kalakuta, ilé Fela, dúró digbí, ẹja àbùùbùtán sì ń da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá dé. Ta ni yóò rí ẹja yẹn lórí fóònù?

Mo tẹ àwòrán náà sórí bébà ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì wa. Ọmọ kan tí kì í fẹ́ sọ ju “bẹ́ẹ̀ ni” lọ ló nàka sí i: “Tíṣà, ẹja ń bá ọlọ́pàá jà!” Ni ẹnì kejì bá ní kì í ṣe ẹja lásán, ẹja Fela ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jiyàn ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ Pijin ni Fela fi kọ orin náà o.

Ti orin jùjú tún yàtọ̀, torí ẹ̀yìn páálí ni ọrọ̀ tirẹ̀ wà. Ebenezer Obey àti King Sunny Adé máa ń so orin bíi mélòó kan pọ̀ lójú àwo kan ṣoṣo, kí ìlù má dáwọ́ dúró. Ẹ̀yìn páálí ló ń sọ ibi tí a dé: orúkọ orin, orúkọ ẹni tí wọ́n ń kì, nígbà mìíràn orúkọ onígìtá àti onígángan. Iwájú nìkan ni fóònù sábà máa ń fi hàn. Ọmọ tó ń gbọ́ orúkọ èèyàn nínú orin kò wá rí ibi tí yóò ti kà á.

Wọn kì í sábà fi àmì ohùn sórí orúkọ orin lẹ́yìn páálí. Ó máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣetiléwá tó dára ni: ẹ̀yin ọmọ, ẹ dà á kọ, kí ẹ fi àmì sí i.

Mi ò bú fóònù o. Àwọn àwo tí a ò lè rí rà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà kan, ìṣẹ́jú kan la fi ń rí wọn gbọ́ báyìí. Ẹ kàn wá àwòrán páálí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin àgbà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ti ka ìtàn Margaret Thatcher ní iléèwé, ẹ wá Beasts of No Nation ti 1989. Lemi ló ya ìyẹn náà. Ẹ ó rí Thatcher níbẹ̀ pẹ̀lú Reagan àti Botha, tìwotìwo lórí wọn. Ẹ bi àwọn òbí yín ìdí rẹ̀.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹni tó ní páálí àwo nílé mú un wá. Ẹni tí kò bá ní, kó bẹ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà nílé kí wọ́n ya fọ́tò tiwọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, iwájú àti ẹ̀yìn. Àwo inú rẹ̀ kọ́ la fẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún bàbá àgbà.